Kí Ẹ Tó Ní Kí Ìyá Alẹ́lùbọ́ Tẹ̀ka

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ìwé ìbéèrè ìwádìí lọ sí ọjà Bódìjà n’Íbàdàn, ìyá alẹ́lùbọ́ kan wo páàdì íńkì tí mo nà sí wọn, wọ́n ní: “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kì í ṣe ilẹ̀ bàbá mi lo fẹ́ fi èyí gbà?” Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé ìyọ̀ǹda, èyí tí ẹni tó bá gbà láti dáhùn máa ń tẹ̀ka sí, ojú ewé méjì gbáko, sí wọn létí tán ni o!

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣèwádìí, ẹ má kà á bí ẹni ń ka àdúrà. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ń wá, iye ìṣẹ́jú tó máa gbà, ewu tó bá wà níbẹ̀, pé wọ́n lè kọ̀, pé wọ́n lè ní ó tó láàárín rẹ̀ láìsí ìjà. Lẹ́yìn náà, ẹ ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ gbọ́ pé mo bá wá?” Bí wọ́n bá ní ìjọba ló rán yín wá pín owó, ẹ tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, kó mú ẹlẹ́rìí tirẹ̀, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ yín.

Ní Kano lọ́dún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa ọmọdé, ilé-iṣẹ́ apoògùn Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ níbẹ̀. Àwọn òbí kan ní ẹnikẹ́ni ò sọ fáwọn pé ìdánwò ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wà ní kóòtù.

Ẹ gba lẹ́tà àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí, àwọn tó ń rí i pé ìwádìí ò pa ẹnikẹ́ni lára, kẹ́ ẹ tó jáde. Yunifásítì Ìbàdàn (UI) àti ilé ìwòsàn UCH jọ ní ọ̀kan. Ẹ kí Ìyálọ́jà náà, àmọ́ ẹ má gbàgbé pé bí Ìyálọ́jà bá gbà, àwọn nìkan ló gbà. Aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ṣì lè kọ̀.

Tó bá di kíkọ èsì, mo mọ àwọn tó jókòó sí búkà ní Àgbowó, tí wọ́n fi bírò bulú àti dúdú dáhùn ìwé ogójì fúnra wọn. Irọ́ pátápátá nìyẹn. Bí mẹ́wàá bá kọ̀, ẹ kọ mẹ́wàá sílẹ̀. Orúkọ tẹ́ ẹ yọ nìkan ò tó o: bẹ́ ẹ bá kọ “alẹ́lùbọ́ arọ tó wà lẹ́nu géètì”, gbogbo Bódìjà ti mọ̀ ọ́n.

Ìyá alẹ́lùbọ́ tèmi ò tẹ̀ka títí. Mo kọ wọ́n mọ́ àwọn tó kọ̀, mo ra èlùbọ́ kóńgò méjì, mo lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.