Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Fẹ́ Ka Máàsítà Lórí Iṣẹ́ Sátẹ́láìtì, Ẹ Má Ṣe Àwọn Àṣìṣe Yìí

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àgùnbánirọ̀ tán, tó jẹ́ pé iṣẹ́ sátẹ́láìtì ló ń wù yín, ẹ gbọ́ mi o. Ó ń dùn mí gan-an bí mo ṣe ń rí àwọn ọmọ tórí wọn pé dáadáa tí wọ́n ń náwó òbí wọn, tí wọ́n ń fi odindi ọdún méjì ṣòfò lórí kọ́ọ̀sì tí kò ní í gbé wọn débi tí wọ́n ń lọ.

Èyí tó burú jù ni kéèyàn máa fi orúkọ yan kọ́ọ̀sì. Wọ́n á wọ Google, wọ́n á tẹ space síbẹ̀, yunifásítì tó bá kọ́kọ́ yọjú ni wọ́n á sáré gba fọ́ọ̀mù ẹ̀. Kí lẹ fẹ́ máa fọwọ́ yín ṣe gan-an? Ìyẹn ló yẹ kó ṣáájú. Ẹni tó fẹ́ to sátẹ́láìtì pọ̀, bátìrì ẹ̀, sólà ẹ̀, rédíò tó fi ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀nà tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹni tó fẹ́ máa lo àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti mọ ibi tí omíyalé máa dé tàbí igbó tí wọ́n ti gé tán. Ẹni tó ka jọ́gíráfì lè di ọ̀gá nínú ìkejì yìí láì tíì jó wáyà pọ̀ rí láyé ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe sátẹ́láìtì tó wá lọ ka remote sensing, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán tí sátẹ́láìtì yà, ìgbà tó bá gba ìwé ẹ̀rí tán ló máa tó mọ̀ pé wọn ò kọ́ òun ní ohun tóun wá.

Ti rọ́kẹ́ẹ̀tì náà tún wà ńbẹ̀. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ ka rọ́kẹ́ẹ̀tì torí òun ló ń dún tó ń yọ iná, bẹ́ẹ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n ti gbé sátẹ́láìtì wa NigeriaSat-1 lọ sókè ní 2003, Ṣáínà ni wọ́n ti gbé NigComSat-1 lọ ní 2007. Kí ló wá pa NigComSat-1 yẹn? Iná ni. Sólà ẹ̀ ló níṣòro tí kò fi rí iná tó mọ́, nígbà tó fi máa di November 2008 ó ti kú, ohun tí wọ́n ṣe kó lè lo ọdún 15, ó di 2011 kí wọ́n tó gbé NigComSat-1R lọ rọ́pò ẹ̀. Kọ́ọ̀sì iná sátẹ́láìtì, kọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń kápá ooru àti òtútù lókè ọ̀hún, kọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń mì ín jìgìjìgì láti dán an wò kó tó lọ, àwọn tẹ́ ẹ ń sá fún yìí gan-an niṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹ wo NigeriaSat-X tó lọ sókè ní August 2011, àwọn ẹnjiníà tiwa ló ṣe é nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ SSTL, iléeṣẹ́ tó ń ṣe sátẹ́láìtì ní Guildford, ní ìlú Ọba.

Ẹ má sì fojú di ohun tó wà nílé. Láti 1998 ni ARCSSTE-E ti wà nínú ọgbà OAU n'Ílé-Ifẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tó so mọ́ United Nations, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń kọ́ remote sensing àti GIS (bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya máàpù) níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi sátẹ́láìtì ránṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń fi wo ojú ọjọ́, àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà míì ń wọ bààlú wá kàwé ńbẹ̀, ọmọ Òṣogbo tí kò jìnnà sí Ifẹ̀ rárá á ní òun ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Àmọ́ ẹ lajú yín o, PGD tí wọ́n ń fúnni níbẹ̀, ìyẹn dípúlómà téèyàn ń gbà lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, kì í ṣe máàsítà. Tó bá jẹ́ lẹ́kíṣọ́rà lẹ fẹ́ dà, ẹ bèèrè dáadáa ibi tí ìwé ẹ̀rí tẹ́ ẹ máa gbà lè gbé yín dé.

FUTA l'Ákùúrẹ́ náà ńkọ́? Ní 2017, NigeriaEduSat-1 lọ sókè, àpótí kékeré tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, FUTA wà nídìí ẹ̀ pẹ̀lú Kyushu Institute of Technology ní Japan, Gánà, Mongolia àti Bangladesh náà ní tiwọn níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ló fọwọ́ ara wọn ṣe é. Ìdí tí mo fi mẹ́nu bà á ni lẹ́tà táwọn èèyàn máa ń kọ fún sikọ́láṣípù: "láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ìràwọ̀." Ẹ yọ ọ́ kúrò! Gbogbo ayé ló fẹ́ràn ìràwọ̀. Ẹ sọ kóòdù Python tẹ́ ẹ kọ, ẹ sọ rédíò SDR kékeré (èyí tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà) tẹ́ ẹ fi gbọ́ sátẹ́láìtì tó ń kọjá, ẹ sọ ibi tó ti bà jẹ́ àti bẹ́ ẹ ṣe tún un ṣe.

Òfin tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í bèèrè. Ní Amẹ́ríkà, ITAR, òfin tí wọ́n fi ń ṣọ́ ìmọ̀ ohun ìjà àtàwọn nǹkan bíi rọ́kẹ́ẹ̀tì, ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì àti sátẹ́láìtì lè gba ẹni tí kò bá ní green card tàbí ìwé ọmọ onílùú, ẹ ò lè máa yáwó lọ kàwé níbẹ̀ kẹ́ ẹ máa rò pé iléeṣẹ́ ńlá kan ń dúró dè yín. Ní ìlú Ọba, ATAS ni tiwọn, ìyẹn ìwé àṣẹ fún ẹni tó fẹ́ ka àwọn kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì kan tí ìjọba ń ṣọ́. Ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ ka irú kọ́ọ̀sì yìí sábà máa ń nílò ẹ̀ kó tó béèrè fún fíísà, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá sì jẹ́ kó kù dẹ̀dẹ̀ kí ilé ìwé wọlé kó tó bẹ̀rẹ̀, àfàìmọ̀ kí àyè yẹn má bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó wá ku pírọ́jẹ́ẹ̀tì, ibi tí omijé pọ̀ sí jù. Èèyàn á yan àkọlé tó nílò àwòrán tó mọ́ débi pé ó máa rí mọ́tò kọ̀ọ̀kan lójú títì, kò tíì bèèrè iye dọ́là tí wọ́n ń tà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí dátà tó wà lọ́fẹ̀ẹ́. Landsat, sátẹ́láìtì àwọn ará Amẹ́ríkà, ti di ọ̀fẹ́ láti 2008, àwòrán ẹ̀ ti wà láti 1972, àwọn tòde òní ń rí ohun tó fẹ̀ tó mítà 30, Sentinel-2 tàwọn ará Yúróòpù ń rí èyí tó fẹ̀ tó mítà 10, ìyẹn ti tó láti fi wo bí ìlú Ìbàdàn ṣe ń gbòòrò tàbí bí adágún Asẹ́jìrẹ́ ṣe ń sún sí i tó ń sún kúrò. Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé ni kùrukùru. Lọ́dọ̀ wa níbí, tójò bá ti ń rọ̀, ẹ lè wá àwòrán láti June títí dé September kẹ́ ẹ má rí nǹkan kan ju funfun lọ, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni omíyalé tẹ́ ẹ fẹ́ ṣèwádìí lé lórí ń ṣẹlẹ̀. Sentinel-1 ni kẹ́ ẹ lọ kọ́, rédà ló ń lò, ó ń ríran la kùrukùru kọjá tọ̀sán tòru, ọ̀fẹ́ lòun náà, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á kẹ́ ẹ tó gbé àkọlé lọ bá supafáísọ̀ yín.