Alúmí Kì í Ṣe Irin: Bí Mo Ṣe Yọ Rìímù Tó Gan Mọ́ Họ́ọ̀bù

₦1,500 ni owó lílẹ̀ táyà tó ń jò nígbà náà. Ohun tí mo padà san lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lé ní ₦45,000, kì í sì í ṣe táyà ló kó owó náà lọ. Rìímù ni.

Camry 1999 ni mọ́tò yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní "pencil light". Ṣọ́ọ̀bù kan níbí ní Òṣogbo ló tú nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, nọ́ọ̀tì márààrún jáde, rìímù ò mira. Kàkà kí wọ́n ro ohun tó dì í mú, hámà ńlá ni wọ́n gbé, wọ́n ń fi lu etí rìímù láti ẹ̀yìn. Mo ní kí wọ́n rọra. Èyí tó ń lù ú ní, "Ẹ̀gbọ́n, irin ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀." Irin kọ́, alúmí ni. Irin á tẹ̀, alúmí á là. Etí rìímù náà là lóòótọ́, afẹ́fẹ́ ò sì dúró nínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n tún gba owó iṣẹ́ wọn! Nígbà tí mo wá òmíràn lọ, mẹ́rin-mẹ́rin ni àwọn tó ń ta rìímù tòkúnbọ̀ ń dárúkọ. Ẹni tó gbà láti ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún mi mọ̀ pé mi ò níbi tí mo fẹ́ lọ, ó sì bu iye owó tó wù ú lé e.

Mẹ́ta tó kù, èmi ni mo fọwọ́ ara mi yọ wọ́n, torí ohun tó mú èyí àkọ́kọ́ ò ní yọ àwọn yòókù sílẹ̀. Ta ló fẹ́ mọ èyí lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán lóru?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tó ti gan. Kì í ṣe ara bóòtù. Ihò ńlá tó wà láàárín rìímù, tó wọ orí họ́ọ̀bù (irin tí a ń de rìímù mọ́) bí ìdérí ìkòkò, ni. Ti Camry yìí fẹ̀ ní mìlímítà 60.1, àyè tó wà láàárín òun àti họ́ọ̀bù ò tó kí bébà wọ̀. Irin ni họ́ọ̀bù, alúmí ni rìímù. Bí omi bá ti dé àárín àwọn méjèèjì, alúmí á máa jẹ, á máa yọ ìyẹ̀fun funfun, ìyẹ̀fun yẹn sì máa ń gba àyè ju alúmí tó di òun lọ. Irin náà á dógùn-ún níbi tirẹ̀. Bí iyọ̀ bá tún wà nínú omi náà, ọ̀rọ̀ á yá kánkán. Ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ wa ti Kánádà àti àríwá Amẹ́ríkà wá, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín. Àwa náà wá dá kún un: bí táyà tubeless bá jò, fọ́gánáísà á kàn ki rọ́bà bọ ihò rẹ̀ láìyọ ẹsẹ̀ rárá. Ọdún á gorí ọdún, ẹnikẹ́ni ò ní tú u.

Gbígbé jáàkì àti títú nọ́ọ̀tì, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 21 ni, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì kí táyà tó kúrò nílẹ̀. Kìkì pé bí ẹ bá ń gbé iwájú, háńdù bíréèkì ni yóò di mọ́tò mú. Bí ẹ bá ń gbé ẹ̀yìn, ẹ fi jíà sí P (páàkì) kí ẹ sì fi òkúta há àwọn táyà iwájú níwá lẹ́yìn, torí ẹsẹ̀ iwájú ni P ń dì mú nínú mọ́tò yìí.

Iwájú lọ́wọ́ òsì ò pẹ́ rárá. Ẹ dá nọ́ọ̀tì márààrún padà, ẹ fọwọ́ wé e dé ìdí, kí ẹ wá tú ọ̀kọ̀ọ̀kan padà ní yíyí kan tàbí méjì. Ẹ sọ mọ́tò kalẹ̀, ẹ wà á síwájú nínú àgbàlá, kò ju mítà mẹ́ta lọ, kí ẹ tẹ bíréèkì lójijì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn, ẹ yí ìdarí dópin sọ́tùn-ún sósì. Ẹ ó gbọ́ "gbì!" Ó ti tú nìyẹn. Ẹ má gbé àṣà yìí dé títì o, ẹ má sì yọ nọ́ọ̀tì kankan kúrò pátápátá. Ẹ̀yìn ọ̀tún náà gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ háńdù bíréèkì ni mo fà fún un bó ṣe ń yí lọ.

Ẹ̀yìn òsì ló wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo tẹ bíréèkì títí, kò gbọ́. Ìdí rẹ̀ yé mi: nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, iwájú ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́, agbára tó ń dé ẹ̀yìn ò tó. Mo fi gìgísẹ̀ ta á lókè àti nísàlẹ̀, asán. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ní oògùn tirẹ̀. Ẹnì kan ní kí n da kóòkì sí i, bí ẹni pé ṣúgà tó ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ ni mo ń wá. Ẹlòmíràn ní kí n pe wẹ́dà wá fi iná gáàsì yá a. Ẹ má gbà o! Táyà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ lè bú gbàmù bí iná bá gbóná sí i, alúmí tó bá sì ti gbóná jù ò ní lágbára bíi tàtijọ́ mọ́, bó tilẹ̀ rí bákan náà lójú.

Epo ló yẹ, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ ń fọ́n ọn sí ni ò dáa. Wọ́n á fọ́n ọn sórí bóòtù àti ara rìímù, kò sì sí ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ẹ yọ ìdérí rọ́bà àárín rìímù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ ó rí orí họ́ọ̀bù, òrùka aláwọ̀ ilẹ̀ pupa kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú yí i ká, pẹ̀lú èérún funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orí ìlà yẹn gan-an ni epo gbọ́dọ̀ dé. Mo po ATF, òyìlì jíà ọtọmátíìkì, mọ́ ásítóònù tí àwọn tó ń lẹ èékánná ń lò, ìdajì sí ìdajì, nínú ìgò gíláàsì. Wọn kì í pò dáadáa, nítorí náà ẹ mì í kí ẹ tó fà á. Ásítóònù máa ń jẹ ọ̀dà mọ́tò àti ike, ó sì tètè ń gbaná, ẹ gbé sìgá jìnnà. Síríńjì kẹ́mísì ni mo fi kán an. Kíkán ni o, kì í ṣe dídà: bí epo bá ṣàn wọ inú dúrọ́ọ̀mù, ilé bíréèkì ẹ̀yìn, ṣúù bíréèkì bàjẹ́ nìyẹn.

Ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Bí ẹsẹ̀ bá dúró lójú kan, epo á ṣàn sísàlẹ̀, òkè á gbẹ. Ẹ tú háńdù bíréèkì, ẹ kán an, ẹ yí táyà ní ìdá mẹ́rin, ẹ tún kán an, títí ẹ ó fi yí i po. Kí ó sùn mọ́jú.

Láàárọ̀, pákó. Two-by-three tó gùn ni, èyí tí yóò gba abẹ́ mọ́tò já láti ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ara yín má baà sí lábẹ́ rárá. Mọ́tò gbọ́dọ̀ wà lórí sítáǹdì, kì í ṣe jáàkì nìkan, kí sípíà táyà sì wà nílẹ̀ lábẹ́ ara rẹ̀, kó gbà á bí ó bá yẹ̀. Nọ́ọ̀tì méjì kó wà lórí bóòtù tí a wé díẹ̀, kí rìímù má baà fò bọ́. Ẹ gbé orí pákó lé ara táyà láti inú, lórí rọ́bà, kó má kan rìímù, kí ẹ fi hámà lu ìdí pákó. Táyà fẹ̀ ju rìímù lọ, nítorí náà eteetí rẹ̀ ni agbára ti ń wá jù. Lílù lẹ́ẹ̀kan, ẹ yí ìdajì, kí ẹ tún lù, kó lè máa mì sọ́tùn-ún sósì. Àmọ́ ẹ fa háńdù bíréèkì kí ẹ tó lù, ẹ tú u kí ẹ tó yí i. Bí ẹ ò bá fà á, dúrọ́ọ̀mù lè bá rìímù jáde, iṣẹ́ á wá di méjì.

Ìyẹ̀fun funfun ló kọ́kọ́ já sílẹ̀. Ẹni tó bá rí i, kó má sinmi mọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí rìímù tú, láìsí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Pákó àjókù ọ̀dọ̀ káfíńtà àti ásítóònù eléèékánná ṣe ohun tí hámà ọ̀gá ò lè ṣe. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ gbé tirẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kó kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ni yóò san owó rìímù bí ó bá là. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rín dáhùn, ẹ tẹ̀ síwájú.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha họ́ọ̀bù, mo fi sáńpépà 120 nu inú ihò rìímù títí ó fi dán. Gírísì fẹ́lẹ́ ni mo fi pa etí họ́ọ̀bù, bí ẹni pa ìpara. Kó má dé ara bóòtù: bóòtù tó bá yọ̀ máa ń jẹ́ kí nọ́ọ̀tì fún ju bó ṣe yẹ lọ, bóòtù á nà, lọ́jọ́ kan á já. Ẹ fún nọ́ọ̀tì ní dídojú kọra, kì í ṣe ní títò yíká. 103 Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì Toyota yìí. Ẹni tí kò ní tọ́ọ̀kì sípánà tó ń wọn agbára yẹn, kó lo wíìlì sípánà inú búùtù pẹ̀lú agbára apá nìkan. Kó má ki páìpù bọ̀ ọ́, kó má sì gun orí rẹ̀. Kí ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn nǹkan bí 80 km. Ẹni tó bá ti Òṣogbo dé Ìbàdàn ti rìn tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀tì méjì lẹ́yìn òsì mi ṣì gba díẹ̀ sí i.