Bí mo ṣe so rédíò VHF mọ́ GPS nínú ọkọ̀ fàíbà kékeré

Bọ̀dá kan tí mo máa ń bá tún iná ọkọ̀ ṣe ní Ìpakodò, Ìkòròdú, ló pè mí pé òun ti ra rédíò VHF tuntun, èyí tí àwọn ọkọ̀ ojú omi fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, pẹ̀lú chartplotter, ìyẹn GPS tó ń fi máàpù omi hàn lójú gíláàsì, kí n wá bá òun gbé e sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ fàíbà ni, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 23, wọ́n máa ń fi kó àwọn tó ń lọ fi ìwọ̀ pẹja, wọ́n á gba ọ̀sà, wọ́n á gba Commodore Channel, ó di ojú òkun. Bọ̀dá ní "Àbúrò, ṣáà jẹ́ kí méjèèjì máa tàn, ó ti tó." Mo ní "Bọ̀dá, ẹ má bínú o, tí wọ́n bá ń tàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀, owó tẹ́ ẹ ná sórí rédíò yẹn ò tíì wúlò dé ìdajì."

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Rédíò ojú omi ayé ìsinsìnyí ní bọ́tìnnì pupa kan tí wọ́n fi ìdérí bò. Tẹ́ ẹ bá ṣí i tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún sẹ́kọ́ńdù mélòó kan, á fi igbe ẹ̀mí ránṣẹ́ lórí channel 70, gbogbo rédíò tó wà nítòsí tó ní DSC, ìyẹn ètò tó ń fi ìpè ránṣẹ́ láìlo ohùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Nọ́ńbà ọkọ̀ yín á wà nínú igbe yẹn, ibi tẹ́ ẹ wà gan-an náà sì yẹ kó wà ńbẹ̀. Ibo wá ni rédíò ti fẹ́ mọ ibi tẹ́ ẹ wà? Àwọn kan ní GPS nínú, ti Bọ̀dá ò ní, àfi kí chartplotter máa sọ fún un, tàbí kí èèyàn jókòó kó máa fọwọ́ tẹ latitude àti longitude sí i. Ta ló ráyè ìyẹn nígbà tí omi ti ń wọlé?

Iná ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ lo wáyà ilé, ó kàn lọ́ ọ pọ̀ ó fi táàpù dì í, nígbà tí mo bó rọ́bà ẹ̀ bàbà inú ẹ̀ ti dúdú lọ sókè, ojú ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé, omi iyọ̀ ti jẹ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi mítà wò ó láìtẹ nǹkan kan ẹ máa rí 12.6 volt, ẹ máa rò pé ó dáa, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ máìkì pẹ́nrẹ́n báyìí ó ti já wá sí 10. Rédíò tó ń fi 25 watt sọ̀rọ̀ máa ń fa bíi 5 sí 6 amp, nígbà tó bá kàn ń gbọ́ kì í fa tó 1, ìdí nìyẹn tí wáyà burúkú kì í fi í hàn títí dìgbà téèyàn bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo tú gbogbo ẹ̀ dànù. Mo fa wáyà ojú omi 2.5 mm, èyí tí bàbà inú ẹ̀ funfun torí wọ́n fi tin bò ó, tààrà láti ọ̀dọ̀ bátìrì, mo fi fíúsì 10 amp sí ti rédíò, 3 amp sí ti chartplotter bí ìwé wọn ṣe sọ, mo sì gbé fíúsì méjèèjì súnmọ́ bátìrì. Ẹ má gbé fíúsì sí ìdí rédíò lọ́ọ̀ọ́kán o. Tí wáyà bá bó lójú ọ̀nà tó lọ kan irin, ẹ̀gbẹ́ tó wà láàárín bátìrì sí fíúsì ò ní ààbò kankan, pẹtiróòlù sì wà nínú ọkọ̀ kan náà.

Antẹ́nà ló kàn. Ẹni tó ń ta wáyà fẹ́ gbé wáyà dish tẹlifíṣọ̀n fún mi, ó ní ọ̀kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà rárá, ti tẹlifíṣọ̀n jẹ́ 75 ohm, ti rédíò jẹ́ 50. Wáyà antẹ́nà tí wọ́n ń pè ní RG-8X ni mo rà, torí RG-58 tó tín-ín-rín yẹn máa ń jẹ agbára lójú ọ̀nà, 3 dB péré (dB ni wọ́n fi ń wọn agbára tó ń sọnù) tó bá lọ, ìdajì watt yín ti lọ nìyẹn. Ibi tí mo ti fara balẹ̀ jù ni PL-259, ìyẹn ẹnu irin tí wáyà antẹ́nà fi ń wọ rédíò. Mo jẹ́ kí irun wáyà ìta ṣí sẹ́yìn dáadáa, mo fi sódà lẹ wáyà àárín mọ́ ihò ẹ̀ títí sódà fi dán, lẹ́yìn náà kí n tó so antẹ́nà mọ́ ọn mo fi mítà wò ó láàárín pín-ìnnì àárín àti ara ìta. Kò gbọ́dọ̀ dún. Irun kan ṣoṣo tó bá kan àárín, ó lè ba rédíò jẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó so antẹ́nà torí àwọn antẹ́nà kan máa ń jẹ́ kó dún fúnra wọn. Mítà SWR, tó ń fi hàn bóyá antẹ́nà ń gba agbára tàbí ó ń dá a padà sí rédíò, fún mi ní 1.3, ohun tó bá ti wà lábẹ́ 2 ó ṣeé lò.

Orí òrùlé ọkọ̀ ni mo gbé antẹ́nà sí, ó ga jìnnà sí omi. VHF ò fẹ́ràn àtiyípo ayé, ọkọ̀ kékeré méjì tí antẹ́nà wọn ga ní mítà 3, bíi kìlómítà 14 ni wọ́n lè gbọ́ra wọn, ọkọ̀ ńlá tí tiẹ̀ ga ní mítà 30 lè gbọ́ yín láti bíi kìlómítà 30. Gíga yẹn ṣe pàtàkì ju watt lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Ó wá ku wáyà kéékèèké méjì tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. NMEA 0183 ni wọ́n ń pè é, ìyẹn èdè tí àwọn ẹ̀rọ inú ọkọ̀ omi fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ẹnu ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ lọ sí etí èkejì. Èyí tí wọ́n kọ TX sí lára chartplotter ni ẹnu, RX plus lára rédíò ni etí. Àwọ̀ wáyà ò bára mu láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, ìwé nìkan ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Chartplotter yìí ò ní TX minus, torí náà mo so RX minus rédíò mọ́ wáyà dúdú chartplotter. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi èyí sílẹ̀ láìso, wọ́n á ní rédíò ò dáa.

Mo tan méjèèjì, chartplotter rí sátẹ́láìtì, ojú rédíò ṣì ń fi dáàṣì dáàṣì hàn. Mo gbé láptọ́ọ̀pù mi jáde, mo fi USB tó ń yí i sí serial gbọ́ ẹnu chartplotter ní ìyára 4800, ìdọ̀tí lásán ni mo rí. Mo yí i sí 38400, ọ̀rọ̀ wá já gaara: $GPRMC, aago, lẹ́tà A, 0636 pẹ̀lú N, 003 pẹ̀lú E. A yẹn túmọ̀ sí pé ibi tó sọ dá a lójú, tó bá jẹ́ V kò tíì rí sátẹ́láìtì tó. 0636 ni dígírì 6, mínítì 36, Ìkòròdú nìyẹn. Ó ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ó kàn ń yára ju ohun tí rédíò lè gbọ́ lọ, bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ nìyẹn. Mo wọ inú sẹ́tìnnì, mo fà á padà sí 4800, kíá latitude ti yọ sójú rédíò. Aago tó ń fi hàn jẹ́ UTC, ìyẹn aago àgbáyé, mo fi wákàtí kan kún un kó bá ti Nàìjíríà mu.

MMSI ni mo fi síkẹyìn, ìyẹn nọ́ńbà ọkọ̀ tí mo ní á wà nínú igbe yẹn, nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni, ti Nàìjíríà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 657. Láìsí i, bọ́tìnnì pupa ò ní ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ rédíò ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jù ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ, nítorí náà èmi ń pè é, ọmọ Bọ̀dá ń tẹ̀ ẹ́, Bọ̀dá fúnra wọn ń yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé.

Ẹ má fi bọ́tìnnì pupa dán an wò láéláé, ẹ má sì máa tàkúrọ̀sọ lórí channel 16, ọ̀nà igbe ẹ̀mí nìyẹn. Ọkọ̀ ọ̀rẹ́ Bọ̀dá tó ní DSC la fi dán an wò, a bọ́ sí channel 72, ohùn já gaara. Mo wá ní kí wọ́n fi rédíò tiwọn béèrè ibi tí a wà. Tiwa dá wọn lóhùn fúnra ẹ̀, wọ́n ka latitude àti longitude sí wa létí, Bọ̀dá ń wo chartplotter, nọ́ńbà kan ò yàtọ̀. Bọ̀dá wá ní "Ó túmọ̀ sí pé tí n ò bá tiẹ̀ lè sọ̀rọ̀, wọ́n ṣì máa mọ ibi tí mo wà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà.

Kí n tó lọ mo gbé sípíkà ìta jìnnà sí kọ́ńpáàsì torí mágínẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀, mo fi bébà kọ orúkọ sára wáyà kọ̀ọ̀kan, mo ya àwòrán ìsopọ̀ náà, mo wé e sínú ọ̀rá, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn páánẹ́ẹ̀lì fún ẹni tó bá máa tún un ṣe lẹ́yìn mi.