Bí mo ṣe gba gìgísẹ̀ mi lọ́wọ́ ìléròrò nígbà Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde

₦32,000 ni mo ra bàtà kan. Mo tún fi ₦7,500 ra fóòmù tí wọ́n ní kí n tẹ́ sínú rẹ̀. Síbẹ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi dán an wò, láti ọjà Òkè-Ajé dé iwájú ààfin Awùjalẹ̀ àti padà, gìgísẹ̀ òsì mi ti lé ròrò. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Iléyá ó dé. Owó tó lọ dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni ìmọ̀ràn tí mo fi owó ọ̀hún rà. Ẹni tó tà á fún mi wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ máa ń wú lójú ọ̀nà. Ẹ mú 44, ká fi fóòmù dí i." 43 ni mò ń wọ̀. Apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́, apá tó kù ló bó mi lẹ́sẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá ń bọ̀ wálé fún Iléyá mọ̀ pé ìsinmi ọ̀hún kì í ṣe ti ìjókòó. Ọjọ́ kìíní, Yídì, lẹ́yìn náà ilé ẹbí kan dé òmíràn pẹ̀lú ẹran lọ́wọ́. Ọjọ́ kejì, èmi fi tèmi lọ sí Òkè-Ẹ̀rì, níbi tí wọ́n ní ibojì Bilikisu Sùngbọ́ wà, mo sì dé etí Erédò, odi àtijọ́ tí ìtàn ní obìnrin yìí ló mọ ọ́n. Ọjọ́ kẹta, Ojúde Ọba, àjọ̀dún tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú fi ń pé jọ kí Awùjalẹ̀, ọba wọn, níwájú ààfin. Lọ́jọ́ yẹn, èrò kì í jẹ́ kí ọkọ̀ sún mọ́ ààfin. Ibi tí ọ̀kadà bá já yín sí lẹ ó ti máa fẹsẹ̀ rìn, ẹ ó sì dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí láti wo àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà, àti ìdílé àwọn Balógun lórí ẹṣin. Ẹ fi òjò kún un. Ní 2024, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí; ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà. Àárín òjò ni méjèèjì.

Nípa bàtà rírà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ rà á, torí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa wọ̀ lọ́wọ́. Ẹ dúró nínú bàtà méjèèjì, kí àyè tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò ọwọ́ kan wà níwájú ọmọ ìka tó gùn jù. Ẹ tẹ bàtà náà: ibi tí ọmọ ìka ti ń tẹ̀ ni kó ti tẹ̀, kò gbọdọ̀ ká ní àárín. Bó bá ti fún yín ní gígùn, ẹ gbé e sílẹ̀. Awọ lè fẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí bàtà tó ń gùn sí i.

Gìgísẹ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun ló jẹ ọ̀sẹ̀ méjì mi.

Ìmọ̀ràn tí mo kọ́kọ́ tẹ̀lé ni pílásítà. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tó bó, mo rìn, etí rẹ̀ ká jọ, etí tó ká ọ̀hún sì bó ibòmíràn. Mo fi faselín pa gìgísẹ̀ lé e lórí, pílásítà bọ́ pátápátá, torí ohun tí a fi òróró pa kò ní gba gọ́ọ̀mù. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì tó nípọn, ẹsẹ̀ gbóná nínú bàtà, ó làágùn, ó burú sí i. Ọjọ́ mẹ́rin lọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo bi ń sọ pé bàtà tuntun ni, ó máa mọ ẹsẹ̀ tó bá yá. Inú mi kò dùn sí ìdáhùn yẹn nígbà náà, kò sì tíì dùn sí i títí di òní, torí bàtà tó bá ń yọ̀ ní gìgísẹ̀ kì í mọ ẹsẹ̀. Bó ṣe ń rọ̀ sí i ni yóò máa yọ̀ sí i.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Awọ ẹsẹ̀ wa ní ìpele. Nígbà tí a bá ń rìn, egungun gìgísẹ̀ ń lọ sókè sódò nínú bàtà. Tí awọ òde bá ti lẹ̀ mọ́ ìbọ̀sẹ̀ tó tutù fún òógùn, awọ òde á dúró, egungun á máa lọ. Ìpele àárín ni wọ́n jọ ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Yóò já, omi á kún ibẹ̀. Ìyẹn ni ìléròrò. Nǹkan mẹ́ta ló ń bí i: ìyọ̀, ìyẹn bí gìgísẹ̀ ṣe ń yọ̀ nínú bàtà, omi àti ooru. Ẹni tó bá ń fi nǹkan rírọ̀ lé e láì dá ìyọ̀ dúró kò tíì ṣe nǹkan kan.

Mo wá wọn ìyọ̀ náà. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun, mo wọ bàtà, mo so okùn bí mo ṣe ń so ó tẹ́lẹ̀. Mo fi bírò fa ìlà sára ìbọ̀sẹ̀ níbi tí etí bàtà parí sí lẹ́yìn. Mo wá ní kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀, kó máa wo ibẹ̀ bí mo ṣe ń rìn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú rúlà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlà yẹn ń gòkè tó sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ ìdajì sẹ̀ǹtímítà, ẹsẹ̀ lè fara dà á. Mo yọ fóòmù ₦7,500 kúrò, mo tún rìn, ó wálẹ̀ sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan.

Fóòmù tí mo rà kí ó gbà mí sílẹ̀ wà lára ohun tó ń pa mí! Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ̀yìn bàtà ní ibi tó tẹ̀ wọnú, ibẹ̀ ló ń di gìgísẹ̀ mú. Bí ẹ bá fi fóòmù tó nípọn lé orí èyí tó bá bàtà wá, gìgísẹ̀ á ga ju ibi tó yẹ kí wọ́n ti dì í mú lọ. Fóòmù rírọ̀ sì ń rì tí a bá tẹ̀ ẹ́, ó ń dìde tí a bá gbé ẹsẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ń ti gìgísẹ̀ sókè. Sẹ̀ǹtímítà kan tó kù, àyè 44 ló fà á. Nọ́ńbà kan sí èkejì nínú bàtà kò ju nǹkan bíi mílímítà 7 lọ, ṣùgbọ́n mílímítà 7 pọ̀ lẹ́yìn gìgísẹ̀. Àyè tí ẹsẹ̀ tó wú nílò, iwájú ló wà, lọ́dọ̀ ọmọ ìka.

Mo gbé bàtà náà lọ bá ṣúmékà kan. Mo ní kó gé fóòmù ọ̀hún, kó lẹ ègé kan tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta mọ́ abẹ́ ahọ́n bàtà, níbi tí okùn ti ń kọjá lókè ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé mo ṣì í sọ. Ègé yẹn ló ń ti ẹsẹ̀ sẹ́yìn wọnú ibi tó tẹ̀ lẹ́yìn bàtà, tí àyè sì ń ṣẹ́ kù níwájú. Lẹ́yìn náà ni okùn. Bàtà míì ní ihò kan lókè pátápátá tí ẹnikẹ́ni kì í lò. Tèmi kò ní, ṣúmékà fi òòlu lu ọ̀kọ̀ọ̀kan fún mi. Ẹ so okùn títí dé ihò tó ṣìkejì tòkè. Ẹ wá ki okùn sí ihò tòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà, kó má kọjá sí òdìkejì, kó lè ṣe ojóbó kékeré. Ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ẹ̀. Ẹ ki orí okùn ọ̀tún sínú ojóbó òsì, ti òsì sínú ojóbó ọ̀tún, ẹ fà á sísàlẹ̀ dáadáa, kí ẹ tó so ó. Kí ẹ tó fà á, ẹ gbá gìgísẹ̀ nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè jókòó sẹ́yìn. Iwájú bàtà kò gbọdọ̀ le, ọrùn ẹsẹ̀ nìkan ni ká dì.

Mo tún wọn ọ́n. Ìlà bírò kò kọjá mílímítà 4. Gbogbo iṣẹ́ ṣúmékà kò ju ₦1,500 lọ. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn débi pé mo wọ bàtà náà jẹun alẹ́.

Bàtà tuntun ṣì nílò ìdánrawò o. Ìṣẹ́jú 30 nínú ilé ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, wákàtí kan níta, wákàtí méjì, títí yóò fi pé ọjọ́ mẹ́wàá. Ohun tó máa ń bà mí nínú jẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ tó ń pín bàtà ẹgbẹ́ ní àṣálẹ́ tí Ojúde Ọba bá ku ọ̀la. Aṣọ òfì tuntun kò ní bó ẹnikẹ́ni. Bàtà tuntun á bó wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí rírà rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pín in ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ki bàtà tó ti mọ ẹsẹ̀ sínú àpò, kí ẹ wọ ti ẹgbẹ́ nígbà tó bá kan yín láti jó kọjá níwájú àwọn èèyàn.

Ti ìbọ̀sẹ̀: òwú ń mu òógùn, kì í sì gbẹ bọ̀rọ̀. Èyí tó ní náílọ́ọ̀nù tàbí pólísítà nínú, tí kò nípọn púpọ̀, tí kò sì ní rírán tó yọ ṣóńṣó níwájú ọmọ ìka, ló dára. Mo mú méjì dání lójoojúmọ́, mo ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án. Àwa tí a ń kírun, ibi tí a ti ń fi ọwọ́ ara wa ba ẹsẹ̀ jẹ́ nìyí: àlùwàlá. A ó fọ ẹsẹ̀ dáadáa, a ó sì ki ẹsẹ̀ tutù bọ ìbọ̀sẹ̀ torí pé wọ́n ti ń to sáàfù. Awọ tó ti rọ̀ fún omi ló ń tètè já. Mo ń mú aṣọ ìnura pélébé kan sápò báyìí, mo ń nu àárín ọmọ ìka lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo bá parí ìrun mo tún máa ń jẹ́ kó gba afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i.

Òwúrọ̀ ni faselín wà fún, díẹ̀díẹ̀, sí àárín ọmọ ìka tó ń ha ara wọn. Pílásítà jẹ́ ti gìgísẹ̀, lórí awọ tó gbẹ tí kò ní òróró rárá, kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé igun rẹ̀ kó rí roboto, igun ló ń kọ́kọ́ ká. Nígbàkúùgbà tí ibì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná nínú bàtà, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ bọ́ ọ, ẹ lẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá síbẹ̀, omi á ti wà níbẹ̀. Èékánná, ẹ gé e gbọọrọ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ẹ má gé igun rẹ̀ wọnú ẹran.

Erédò yàtọ̀ sí ojú títì. Odi àti kòtò tó yí Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká ni, ó gùn tó nǹkan bíi 160 kìlómítà, àwọn ibì kan sì wà tí ó ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí odi. Ilẹ̀ pupa ni, ewéko àti gbòǹgbò bò ó, tí òjò bá rọ̀ ó ń yọ̀ bí ilá. Sílípáàsì kò yẹ ibẹ̀: ọmọ ìka á máa di ilẹ̀ mú kó má baà bọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ á ro yín títí di ọjọ́ kejì. Kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín ni kí ẹ wọ̀. Tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ tún okùn dì, torí ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ti ọmọ ìka mọ́ iwájú bàtà tí èékánná fi ń dúdú.

Ní Ojúde Ọba, bàtà tó bo ọmọ ìka, torí nígbà tí èrò bá ń sá fún ẹṣin, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló ń bà léni lórí. Ìdúró gan-an burú ju ìrìn lọ: omi ara ń sọ̀kalẹ̀, iṣan ẹ̀yìn ojúgun tó yẹ kó máa tì í padà sókè kò ṣiṣẹ́. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 15, mo ń dìde lórí ọmọ ìka, mo ń sọ̀kalẹ̀, nígbà ogún. Fóònù mi ka ìgbésẹ̀ tó lé ní 21,000 lọ́jọ́ yẹn. Gìgísẹ̀ mi gbẹ, kò pọ́n.

Lálẹ́, omi tútù, ẹsẹ̀ lórí ìrọ̀rí méjì fún ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn náà òrí sí àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ má fi òrí pa á láàárọ̀, ó ń jẹ́ kí awọ rọ̀ jù. Tí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ń ro yín, ẹ gbé ike omi dídì sílẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ yí i síwá sẹ́yìn.

Bí ìléròrò bá ti wà, tó kéré, tí kò dunni, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ bò ó. Èyí tó tóbi tó ń dunni nìkan ni ẹ lè tú: ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi spírítì nu abẹ́rẹ́ àti awọ, ẹ gún un létí ẹ̀gbẹ́, ẹ fọwọ́ tẹ omi jáde, ẹ má sì bó awọ orí rẹ̀ kúrò, torí òun ni ìbòrí egbò náà. Ẹ fi faselín díẹ̀ sí i, ẹ dì í. Tó bá pọ́n tàn ká, tó gbóná, tàbí tó ṣe ọyún, ó di ti ilé ìwòsàn. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ gún ìléròrò fúnra rẹ̀ rárá, kò sì gbọdọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má mọ ìgbà tó ń jó. Ojoojúmọ́ ni kó máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, tàbí kí ọmọ rẹ̀ bá a wò ó.

Bàtà tó bá rin nínú òjò, ẹ yọ ìtẹ́ inú rẹ̀, ẹ ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ ìwé náà lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó sùn. Ẹ má sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, gọ́ọ̀mù ìsàlẹ̀ rẹ̀ á tú.