Bí a ṣe ń fi gíráíńdà gé táìlì láìfarapa

Kí ẹ tó gbé gíráíńdà sórí táìlì, díìsì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Díìsì dáyámọ́ńdì tí etí rẹ̀ lọ yíká láìní eyín ni ó yẹ táìlì; díìsì eléyín tí a fi ń gé pákó kò gbọdọ̀ dé orí gíráíńdà rárá, nítorí pé ó máa ń há, a sì ta ẹ̀rọ padà sára ẹni tó dì í mú. Gíráíńdà kékeré tó ń lo díìsì 115 mm sábà máa ń yí tó ìgbà 11,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí náà iye ìyípo tí wọ́n kọ sára díìsì kò gbọdọ̀ kéré sí ti ara ẹ̀rọ. Èyí tó bá ti sán, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó pààrọ̀ díìsì, kí ẹ sì dá ìbòrí irin rẹ̀ padà sáyè. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń yọ ìbòrí yìí kí wọ́n lè rí ojú ìlà tí wọ́n fẹ́ gé dáadáa, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni yóò dá àfọ́kù dúró kí ó tó dé ojú wọn.

Ẹ wọ jígí tó bo ojú tẹ̀gbẹ́tẹ̀gbẹ́, ẹ di etí, ẹ wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ má sì wọ aṣọ alápá fífẹ̀.

Eruku funfun ni mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù jù. Sílíkà, èròjà tó wà nínú yanrìn, wà nínú rẹ̀, èyí tó kúnná jù nínú rẹ̀ kò sì ṣeé fojú rí; ẹni tó bá ń fà á símú láti ọdún dé ọdún, yóò dá àpá sí i ní ẹ̀dọ̀fóró, kò sì sí oògùn tó lè pa àpá náà rẹ́. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò lè dá a dúró. Ìbòmú N95 tàbí FFP3 tó lẹ̀ mọ́ ojú pinpin ni kí ẹ lò (irùngbọ̀n kì í jẹ́ kó lẹ̀), kí ẹ sì máa gé táìlì níta. Ẹ má ṣe torí eruku da omi sórí gíráíńdà tí wọn kò ṣe fún omi, kí iná má baà gbé yín.

Ẹ di táìlì mọ́ orí tábìlì kó má lè mì, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rọ mú, kí ẹ sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ojú ìlà. Ẹ jẹ́ kí díìsì yí dáadáa kó tó kan táìlì, ẹ kọ́kọ́ fà á gba orí ìlà kó wọlé bíi 2 mm, lẹ́yìn náà kí ẹ máa gé e wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí ohùn ẹ̀rọ bá ń lọ sílẹ̀, ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ jù.

Bí wọ́n bá mú iná lọ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ pa súwíìṣì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ̀rọ tí ẹ gbé sílẹ̀ láìpa á lè ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí nígbà tí iná bá dé tàbí tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀, a sì fò kiri ilẹ̀ lọ bá ẹsẹ̀ ẹni tó bá wà nítòsí.

Díìsì ṣì máa ń yí fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá pa á, nítorí náà ẹ dì í mú títí yóò fi dúró. Ẹ wọ́n omi sórí eruku kí ẹ tó gbá a, ẹ má sì tíì yọ ìbòmú.