Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ẹyin lọ́wọ́ yín

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí àwa ará Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí ṣe ń kíni nìyẹn. Aṣọ ni mò ń rán ní Kàbà. Tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù, màá sì lọ gbá tébù tẹ́níìsì ní àdúgbò wa. Pákó lásán ni tábìlì ibẹ̀, búlọ́ọ̀kù ló gbé e dúró. Alẹ́ Ẹtì ni mo máa ń kọ ìtàn aṣọ àti oúnjẹ ilẹ̀ Òkun sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdí tábìlì yẹn ni mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí sáàfù, ìyẹn gbígbá àkọ́kọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ ayò. Òfin ni pé orí àtẹ́lẹwọ́ tó ṣí sílẹ̀ ni ẹyin (bí a ṣe ń pe bọ́ọ̀lù kékeré yẹn nìyẹn) máa wà. A ó sọ ọ́ sókè, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 16, ká tó gbá a, a kò sì gbọdọ̀ fi ara tàbí aṣọ bò ó mọ́ ẹni tó dúró ní òdìkejì lójú. Ọmọkùnrin tó kọ́ mi kì í yéé sọ pé, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n rí i ná."

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ nípa aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí àwọn ará Bùnú ń hun, tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ ìsìnkú àwọn èèyàn ńlá, ìpínrọ̀ mẹ́rin ni mo fi kí ayé, mo fi dúpẹ́, mo fi ròyìn bí mo ṣe kọ́ iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ìsánlú: "Àbúrò mi, kí lò ń sọ gan-an?" Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ tí wọ́n tẹ́ fún mi wò ní Bùnú: bó ṣe wúwo lórí itan mi, bó ṣe pọ́n bí osùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, bí òórùn kàfúrà ṣe kún inú yàrá. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mi kà á dópin. Nítorí náà, ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni kí gbólóhùn àkọ́kọ́ fi hàn.

Tí ẹ bá ti gbá ẹyin tán, ẹ tètè padà sí àárín, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá dúró wo ibi tí ẹyin rẹ̀ bọ́ sí, èyí tó ń bọ̀ á kọjá lára rẹ̀. Èmi náà ti jókòó ti fóònù rí, tí mò ń ka iye ẹni tó tẹ ọkàn pupa. Ní báyìí, kí n tó sùn, mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta nípa tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sórí bébà tí mo fi ń gé pátánì.

Sáàfù méjì, ó di ti ẹnìkejì. Ẹ bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè tí wọ́n lè dáhùn, kí ẹ sì fèsì. Ìyá kan láti Ìyàrà ti tún ọ̀rọ̀ mi ṣe nípa ọbẹ̀ kan, àlàyé rẹ̀ dùn ju tèmi lọ.

Ẹ má fà á gùn. Àmì ayò 21 ni wọ́n ń gbá géèmù dé tẹ́lẹ̀, láti 2001 ó ti di 11.

Ẹ má sì fi ohùn ẹlòmíràn kọ̀wé. Aruna Quadri, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń gbá tébù tẹ́níìsì, borí Timo Boll ti Jámánì níbi Òlíńpíìkì ní Rio ní 2016, bẹ́ẹ̀ gbígbá tirẹ̀ kò jọ ti àwọn ará Ṣáínà, àwọn ọ̀gá eré yìí, rárá. "Òkun o" tèmi kò ní kúrò níbẹ̀.

Ẹni tí kò rẹ́ni bá a gbá, ògiri ló ń gbá a sí. Ògiri tèmi ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Mo máa ń ka ohun tí mo kọ sókè bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ etí aṣọ. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti dúró, tí wọ́n gbójú sókè wò mí, màá fi í sílẹ̀. Ibi tí ọ̀kan bá ti yán, ibẹ̀ ni mo ń gé.