Bọ́ọ̀lù Ń Yà Sígbó: Bí Ẹ Ṣe Lè Wá Ìdí Rẹ̀ Nígbà Tí Ẹ Bá Ń Kọ́ Fífì Ọ̀pá Gọ́ọ̀fù Lọ́tun

Ẹni tó bá ti pààrọ̀ bó ṣe ń fì ọ̀pá gọ́ọ̀fù rí mọ bó ṣe máa ń rí: bọ́ọ̀lù tó ń lọ tààrà tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ igbó. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ á yí ìdìmú padà, wọ́n á yí ẹsẹ̀ padà, wọ́n á tún yí èjìká padà, gbogbo rẹ̀ nírọ̀lẹ́ kan ṣoṣo. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn ò mọ èyí tó ṣàǹfààní, wọn ò sì mọ èyí tó bà á jẹ́. Bọ́ọ̀lù ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ gbọ́ tirẹ̀ ná.

Ẹni tó ń kọ́ gọ́ọ̀fù ní Kábbà, Mọpà tàbí Ìsánlú, tí kò ní ju pápá ilé ẹ̀kọ́ lọ, tó máa ń dúró dìgbà tó bá lọ sí Àbújá kó tó rí pápá gọ́ọ̀fù oníhò 18, ni mo ní lọ́kàn. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ṣàlàyé. Alọ́wọ́ òsì, ẹ yí i padà.

Ọ̀rọ̀ ààbò kọ́kọ́. Gígùn pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kì í ju mítà 120 lọ. Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù lè wúwo tó gíráàmù 45.93, ó le, driver (ọ̀pá tó gùn jù, tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà) sì lè gbé e kọjá pápá náà bọ́ sórí ọ̀nà ọlọ́kadà. Nítorí náà, ọ̀pá iron kúkurú, èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ, ni kẹ́ ẹ lò níbẹ̀, kẹ́ ẹ má fì í kọjá ìdajì, àfi tí bọ́ọ̀lù yín bá jẹ́ ti ike tó nihò lára. Kò gbọdọ̀ sí ọmọ kankan níwájú yín.

Ẹ wo ibi tó gbà lọ

Ohun méjì ni kẹ́ ẹ máa wò: ibi tí bọ́ọ̀lù kọjú sí bó ṣe ń gbéra, àti ibi tó tẹ̀ sí lójú òfuurufú. Ojú ọ̀pá, ìyẹn ibi pẹlẹbẹ tó ń kan bọ́ọ̀lù, ló ń pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú ti àkọ́kọ́: ibi tí ojú ọ̀pá kọjú sí nígbà tó kan bọ́ọ̀lù ni bọ́ọ̀lù máa ń gbà lọ. Títẹ̀ ń wá látinú ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibi tí ojú ọ̀pá kọjú sí àti ọ̀nà tí ọ̀pá fúnra rẹ̀ ń gbà kọjá.

Bó bá gbéra sí òsì díẹ̀, tó wá tẹ̀ sí ọ̀tún, ọ̀pá wá láti ìta, níbi tó jìnnà sí ara yín, wọ inú, sọ́dọ̀ ara yín, ojú rẹ̀ sì ṣí, ìyẹn ni pé ó kọjú sí ọ̀tún ju ọ̀nà tó gbà lọ. Slice nìyẹn, òun ló sì ń bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ jà jù. Bó bá gbéra sí ọ̀tún, tó tẹ̀ sí òsì, òdìkejì rẹ̀ ni. Bó bá wá lọ sí ọ̀tún tààrà láìtẹ̀, ẹ má tíì fọwọ́ kan fífì yín rárá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an lẹ kọjú sí.

Ẹ yẹ ìdúró wò kẹ́ ẹ tó yẹ fífì wò

Ẹ fi ọ̀pá tààrà méjì lélẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka ẹsẹ̀, èkejì lódì kejì bọ́ọ̀lù, kí méjèèjì dọ́gba, kí wọ́n sì kọjú sí ọ̀nà ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kí bọ́ọ̀lù lọ. Ẹsẹ̀, orúnkún àti èjìká gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé wọn. Tẹ́ ẹ bá bojú wo ọwọ́ òsì yín lórí ọ̀pá, kókó oríkèé ìka méjì tàbí mẹ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Tó bá jẹ́ ọ̀kan péré, ojú ọ̀pá á máa ṣí. Tó bá jẹ́ mẹ́rin, á máa pa dé, ìyẹn ni pé á máa kọjú sí òsì. Iron kúkurú, kí bọ́ọ̀lù wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Driver, kó wà lọ́gbọọgba pẹ̀lú inú gìgísẹ̀ òsì.

Ó dá mi lójú pé bí gbogbo èèyàn bá fara balẹ̀ síbi yìí, ọ̀pọ̀ ò ní nílò ìyókù àpilẹ̀kọ yìí.

Ilẹ̀ ọyẹ́ máa ń purọ́

Nígbà ọyẹ́, tí ilẹ̀ yangí bá ti gan, ọ̀pá tó bá ba ilẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù kì í wọlẹ̀. Ṣe ló máa ń ta padà, á sì gbá bọ́ọ̀lù láàárín ikùn tàbí lórí, bọ́ọ̀lù á wá máa sáré nílẹ̀. Àwọn tó ń wò á pariwo pé, “O gbé orí!” Ìmọ̀ràn yẹn lówó pọ́ọ́kú, mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìwúwo ara kù sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀pá sì ti dé ilẹ̀ kó tó dé bọ́ọ̀lù.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí. Ẹ da iyanrìn sílẹ̀ kó nípọn díẹ̀, ẹ fi ìka fa ìlà kan lé e lórí, kẹ́ ẹ dúró bíi pé ìlà náà ni bọ́ọ̀lù. Ẹ fì ọ̀pá láìsí bọ́ọ̀lù. Orí ìlà tàbí níwájú rẹ̀, lápá ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, ló yẹ kí àpá ọ̀pá ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìlà, ẹ máa parí fífì kọ̀ọ̀kan lórí ẹsẹ̀ òsì, kẹ́ ẹ sì dúró síbẹ̀ títí ẹ ó fi lè gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún nílẹ̀ láìta gọ́ọ́gọ́ọ́.

Bí bọ́ọ̀lù bá ń já lọ sí ọ̀tún lójijì, ẹ fi páúdà pa ojú ọ̀pá, kẹ́ ẹ gbá, kẹ́ ẹ wo àpá tó fi sílẹ̀. Àpá tó bá sún mọ́ ọrùn ọ̀pá, ibi tí orí rẹ̀ ti so mọ́ ọ̀pá fúnra rẹ̀, túmọ̀ sí pé ẹ sún mọ́ bọ́ọ̀lù jù, tàbí pé ara yín ń wó síwájú sórí ìka ẹsẹ̀.

Ọwọ́ àdá

Ọ̀pọ̀ wa ló ti fi àdá ṣán oko láti kékeré. Èjìká àti ọwọ́ ọ̀tún ló ń ju àdá wálẹ̀ láti òkè. Bí ẹ bá ju ọ̀pá gọ́ọ̀fù bẹ́ẹ̀, ìta ni yóò gbà wọlé, slice á sì tẹ̀ lé e. Nínú gọ́ọ̀fù, ìsàlẹ̀ ló ń ṣáájú. Ẹsẹ̀ òsì á tẹlẹ̀, ìbàdí á yí, ọwọ́ á wá tẹ̀ lé wọn.

Ẹ so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ máa fì ọ̀pá dé ìdajì. Ẹni tó bá fi èjìká jù ú á ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ní ti ìyára, àkókò tí àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá fi ń gbé ọ̀pá sókè tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí wọ́n fi ń mú un dé bọ́ọ̀lù. Ẹ ka “ọ̀kan, méjì, mẹ́ta” bẹ́ ẹ ti ń gbé e sókè, kí “mẹ́rin” bọ́ sórí bọ́ọ̀lù.

Ẹ jẹ́ kí fóònù ṣẹlẹ́rìí

Ohun tí ara ń rò pé òun ń ṣe àti ohun tó ń ṣe gan-an máa ń jìnnà síra. Ẹ gbé fóònù sí gíga ọwọ́, lẹ́ẹ̀kan níwájú àyà yín, lẹ́ẹ̀kan lápá ọ̀tún yín, lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, kó kọjú sí ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, kẹ́ ẹ sì wo fídíò náà díẹ̀díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa wá nínú rẹ̀, èyí tẹ́ ẹ ń tún ṣe lọ́wọ́. Tí kò bá tíì yí padà nínú fídíò, ẹ ṣe é kó pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò pé ó yẹ lọ. Tó bá ti yí padà, ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀lù ṣì ń yà, ẹ má fi í sílẹ̀. Ọwọ́ àti ojú ọ̀pá ṣì ń kọ́ bí wọ́n á ṣe bá a mu.

Bí ìgbọ̀nwọ́, ọrùn ọwọ́ tàbí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ bá ń dùn yín, ẹ kúrò lórí ilẹ̀ líle náà, kẹ́ ẹ sinmi. Kò sí ohun tí ẹ lè kọ́ lórí ìrora.

Tí ìdajì bá ti ń lọ dáadáa, ẹ bọ́ sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá síbi tí àyè wà fún gbogbo rẹ̀. Tó bá tún dàrú, ẹ padà sí ìdajì lọ́jọ́ náà. Driver ni kó kẹ́yìn.